Orúkọ Tó Gbẹ̀yìn Nínú Géèmù Bàbá

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kọkànlá
Jẹjẹrẹ ni. Inú ẹ̀dọ̀ ló wà, ó sì ti tàn. Dókítà ní bóyá ni Bàbá fi máa rí òdòdó sàkúrà tó máa ń tanná lóṣù Kẹrin ọdún tó ń bọ̀. Mo sọ ọ́ fún wọn fúnra mi. Wọ́n mi orí, wọ́n ní kí n bó ọsàn fún àwọn.

Ó ku kí n sọ fún Ẹ̀gbọ́n mi, Hideaki, tó wà ní ìlú Sapporo. Ìyẹn gan-an lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ọjọ́ àìsùn òkú Màmá, Bàbá wà níbi iṣẹ́ géèmù fídíò tí wọ́n ń ṣe — tuntun kan gbọ́dọ̀ dé ilé tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde láàárọ̀. Tùràrí ti jó tán kí wọ́n tó dé. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn géèmù yín, àwọn lọmọ yín gidi." Àtìgbà yẹn, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọjọ́rú, 8
Mo pe Ẹ̀gbọ́n. Kò gbé e. Mame, ọmọ mi, ń hu eyín — òun ò sùn, èmi ò sùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 10
Igarashi, ọmọ iṣẹ́ Bàbá tẹ́lẹ̀, wá kí wọn ní ọsibítù. Ilé-iṣẹ́ fẹ́ tún géèmù àkọ́kọ́ tí Bàbá ṣe gbé jáde, ti ìgbín tó ń gun òkè. Láyé ijọ́un, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kọ orúkọ gidi sí ìparí géèmù, kí ilé-iṣẹ́ mìíràn má baà fà wọ́n lọ. Kálukú mú orúkọ àlàjẹ́. Ní báyìí, wọ́n fẹ́ kọ orúkọ gidi.

Bàbá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ káyé mọ̀ yín!"

"Ayé wo? Kí orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, ayé ti pa ẹ̀rọ, ó ti lọ jẹun."

Igarashi rẹ́rìn-ín títí, ó lọ sunkún lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi géèmù náà sílẹ̀ fún wa.

Ọjọ́ Àìkú, 12
Mo gbá géèmù ìgbín náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Bàbá. N kò gbá ìkankan nínú géèmù Bàbá tán rí — nílé wa, a kórìíra wọn. Àwọn ló gba Bàbá lọ́wọ́ wa.

Bàbá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Fò! Fò, mo ní! Háà, ọmọ ta nìyí?"

Mo dé orí òkè. Orúkọ ń kọjá: Irùngbọ̀n. Ìyá Núdù. Ẹja Dídì. Lópin, níbi tó yẹ kí orúkọ Bàbá wà: Donguri.

Orúkọ tí à ń pe Ẹ̀gbọ́n ní kékeré ni, torí èso igi donguri tó máa ń ṣà kún àpò. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n níta.

Mo bi wọ́n. Wọ́n ń wo fèrèsé. "Tí mo bá fi máa délé, ó ti sùn. Mo ní kó kúkú wà níbi tí èmi wà."

Ṣé géèmù yìí nìkan ni?

"Gbogbo wọn."

Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un?

"Mo rò pé á gbá a dé òpin lọ́jọ́ kan."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14
Bàbá jẹ ìrẹsì rírọ̀, ṣíbí méjì péré. Wọ́n pe Mame ní Donguri. N kò sọ pé kì í ṣe òun.

Ọjọ́bọ̀, 16
Mo tún gbá géèmù náà dé òpin, mo fi fóònù ya fídíò ìparí rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n. Ohun tí mo kọ tẹ̀ lé e nìyí, kí n má baà sọ pé n kò kọ ọ́:

Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá ń kú lọ. N kò ní kí ẹ dárí jì wọ́n. Ẹ ṣáà wo ohun tí mo fi ránṣẹ́ yìí dé orúkọ tó gbẹ̀yìn, ẹ má pa fídíò náà kó tó débẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.