Ọkàn Tí O Rí Lórí Fóònù

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká gbúròó ara wa ní burúkú. Àwa náà wà nílé, o kú ìnáwó ọsibítù bàbá ẹ. Ìwọ lo ní kí wọ́n má fẹsẹ̀ rìn dé ìsọ̀ káfíńtà wọn mọ́ nítorí àìsàn ọkàn, ìwọ náà lo wá sanwó kí wọ́n máa rìn lórí maṣíìnì tí kì í dé ibì kankan. Ìwé tí o kà pọ̀ lóòótọ́.

Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún wa. Ó ní iṣan kan wà tó ń pàṣẹ fún ọkàn pé kó sáré, òmíràn sì wà tó ń ní kó rọra. Ó ní ti bàbá ẹ, eléyìí tó ń ní kó sáré nìkan ló ń sọ̀rọ̀, pé ìrìn yẹn ló máa kọ́ èkejì kó tún lè lanu. Mo ní ó jọ pé nọ́ọ̀sì náà ti gbé ilé wa rí.

Wọ́n wá fún bàbá ẹ ní aago ọwọ́ tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sórí fóònù ẹ, pé kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ rìn nílé ní ọjọ́ tí wọn ò bá lọ sọ́sibítù. Àmọ́ bàbá ẹ ní àwọn ò lè máa yí ilé po bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Wọ́n bọ́ ọ, wọ́n so ó mọ́ mi lọ́wọ́, wọ́n ní ṣebí ara kan náà ni tọkọtaya. Mo rò ó títí, mo rí i pé òótọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wọ̀ ọ́ nídìí maṣíìnì ìránṣọ tí mo ti ń fẹsẹ̀ wà láti ogójì ọdún, tí ẹnì kan ò pè é ní eré ìdárayá rí. Tèmi tiẹ̀ ń rán ṣòkòtò jáde.

Ìwọ wá pè, o ní kí n bá ẹ kí bàbá ẹ, pé wọ́n káre, pé o rí ọkàn wọn lórí fóònù bó ṣe ń ṣiṣẹ́ takuntakun. Wọ́n gbà á, wọ́n tún dúpẹ́.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì yẹ aago náà wò, ojú ẹ̀ yí padà. Ó ní bí ẹni tó ni ọkàn yìí bá jókòó pàápàá, eré ló ń sá. Ni bàbá ẹ bá jẹ́wọ́. Wọ́n yẹ èmi náà wò lọ́sibítù, wọ́n ní àìsàn ọkàn ni, ó sì ti pẹ́ lára mi. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi, n ò ní purọ́ fún ẹ.

Ní báyìí, àwa méjèèjì la jọ ń rìn. Bàbá ẹ tí ò fẹ́ rìn ló ń kọ́kọ́ wọ bàtà. Bí a bá ti gorí maṣíìnì, ojú mi ni wọ́n ń wò, wọ́n á ní kí n rọra, kí n rọra.

Fowó bàtà àwa méjèèjì ránṣẹ́, àti owó ọsibítù tèmi. Tí kò bá ni ẹ́ lára, kí ìwọ fúnra ẹ náà tẹ̀ lé e wá, torí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lo fi wo ọkàn ìyá ẹ, o ò dá a mọ̀.

Wàá pẹ́ láyé, wàá jẹun ọmọ. Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn ọmọ tìẹ dá ọkàn tìẹ mọ̀.

Èmi ni,
Ìyá ẹ.