Mo Ti Bọ́ Bàtà Yìnyín Lẹ́sẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi Noreen,

Mo kí yín àti ọkọ yín. Orúnkún Màmá ti ń san.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni pé mo ti fi họ́kì orí yìnyín sílẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi gbá ọwọ́ ẹ̀yìn, tí mò ń fi ara dènà góòlù, ti ba èjìká mi jẹ́, ó sì ti yọ eyín mi mélòó kan. Kóòṣì ní, "Wendell, ọdún kan péré sí i!"

Màmá ní, "Rárá o! Ẹ jẹ́ kó fi eyín tó kù lẹ́nu ẹ̀ jẹ àgbàdo."

Lánàá, èmi àti Tess ọmọ mi lọ wo ìdíje ẹgbẹ́ mi àtijọ́. Bí alátakò kan ṣe já wọ iwájú góòlù wa, mo fò dìde.

"Dádì, ẹ jókòó, mi ò ríran!"

Mo jókòó, mo rẹ́rìn-ín, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ẹ wá kí wa nígbà ooru. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa.

Àbúrò yín,
Wendell