Ibi tí Fermín Ṣubú Sí

Hilaria ọmọ mi,

Ẹ̀rù ń bà mí pé àbúrò rẹ kò ní dìde mọ́, ọwọ́ èmi bàbá rẹ sì wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìkíni ló yẹ kó ṣáájú, má bínú. Ṣé ara rẹ le ní Puebla? Ṣé ikọ́ yẹn ti lọ? Ìyá rẹ kí ọ.

Ó di oṣù mẹ́ta tí Fermín kò ti jẹun dáadáa. Oògùn dókítà kò ràn án. Nana Crisanta, ìyá àgbà tó ń wo àìsàn lábúlé wa, di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní òjìji rẹ̀ kò sí lára rẹ̀: ó ṣubú, ó ta gìrì létí omi, àwọn ṣanéke, àwọn ẹni kéékèèké tó ni omi, ti mú òjìji náà lọ sí Talokan, ilé wọn lábẹ́ ilẹ̀. A bi Fermín pé níbo ló ti ṣubú. Ó ní ibi tí a ti ń sọdá odò ni.

Òwúrọ̀ méje la fi gbé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tùràrí àti ọtí ìrèké lọ síbẹ̀. Nana ń fi ẹ̀ka igi lu omi, ìyá rẹ ń pè: "Fermín, má jókòó síbẹ̀ o, ká relé!" Pàbó ló já sí. Ìgbà náà ni Fermín tó jẹ́wọ́ pé irọ́ lòun pa. Ibú tó wà lẹ́nu ihò àpáta lòun ṣubú sí, níbi tóun ti ń kó edé láìtọrọ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Èmi ni mo máa ń sọ pé ẹni tó bá kó edé níbẹ̀, màá nà án ní pàṣán. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Hilaria, ó ṣì ń bẹ̀rù pàṣán mi.

Ibú yẹn kò sí mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tó ṣubú ni abúlé ṣe iṣẹ́ ọ̀wẹ̀, a fi sìmẹ́ńtì bò ó, a fa páìpù jáde. Èmi ni mo po sìmẹ́ńtì náà. Fermín ló ń bu yanrìn fún mi, kò sọ nǹkan kan.

Nana gbé etí lé sìmẹ́ńtì náà, ó wò mí. "Ìwọ ọkùnrin yìí, o ti mọ ilẹ̀kùn wọn pa. Ṣé páìpù ni kí n máa bá sọ̀rọ̀?"

Mo bẹ ìgbìmọ̀ omi pé kí wọ́n jẹ́ ká ṣí i fún ọjọ́ kan péré. Don Macario, alága wọn, rẹ́rìn-ín: "Ogójì ilé ló ń mu omi yìí. Ṣé ká tún máa ru garawa gun òkè torí pé ọmọ yín ta gìrì?" Omi náà la fi ń se àgbo fún Fermín.

Mi ò ní kí o wá gbà á là. Wá kó tó di pé kò dá ọ mọ̀ mọ́. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ létí omi gbogbo, kí ohun tó jẹ́ tìrẹ má ṣe yà lára rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ tí oorun ti dá lójú rẹ̀,
Anselmo

Mo gbàgbé: láàárọ̀ yìí mo dúró lórí sìmẹ́ńtì náà, mo pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn fi há mi. Ó gbọ́ mi láti orí ẹní. Nígbà tí mo délé, ó ní, "Bàbá, ẹ má wulẹ̀ pè é mọ́. Kò ní wá." Bíi pé ọmọ ẹlòmíràn là ń sọ. Jọ̀ọ́, tètè kọ̀wé sí mi.