Iye Ọmọ Tó Kù

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹwàá 2024
Fọ́ọ̀mù ti dé láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́. Ọmọ mélòó, ọkùnrin mélòó, obìnrin mélòó, ọjọ́ orí, kíláàsì. Èmi ni wọ́n gbé e fún, torí ọwọ́ mi ni rẹ́jísítà wà láti ọdún mẹ́sàn-án. JS1 dé JS3, orúkọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Mo ka orí wọn ní àsẹ́ńbílì. Mọ́kànlélógójì.

Jẹ́jẹ́ — Ọ̀gbẹ́ni Fákáyọ̀dé, ọ̀gá wa, ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ níbí, ohùn rẹ̀ kì í ròkè — ní ilé ìwé tí ọmọ rẹ̀ kò bá pé ọgọ́ta, wọ́n á pa á pọ̀ mọ́ ti Ìdèrè. Máìlì mẹ́fà sí abúlé wa. Ó ní kí n kọ ohun tó wà nínú rẹ́jísítà. Ó ní rẹ́jísítà ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àwa.

Mo ní ó dáa. N kò mọ̀ bóyá ó dáa.

Ìṣẹ́gun, 8
Mo fi pẹ́ńsùlù sàmì sí àwọn tí kò sí. Mẹ́tàlélógún. Ọkùnrin mẹ́sàn-án: ọ̀kadà, iṣẹ́ títẹ́ táìsì, oko ẹ̀gẹ́ ní Igangan. Obìnrin mẹ́rìnlá: ọmọọ̀dọ̀ l'Ékòó, iṣẹ́ aránṣọ. Ọ̀kan ti lóyún. Ìbejì ìyá mẹ́fà ló wà nínú rẹ́jísítà. Nílé mẹ́ta nínú wọn, ẹnì kan ṣoṣo ló ń wá mọ́. Èkejì ń ṣiṣẹ́ kí ẹni yẹn lè máa wá. Fọ́ọ̀mù kò ní àyè fún ìyẹn.

Ó yẹ kí n sunkún. Mo lọ po tíì.

Ọjọ́rú, 9
Òjò. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló wá.

Ọjọ́bọ̀, 10
Mo wá Ṣàkírát lọ sílé wọn lẹ́yìn ìparí iṣẹ́. JS3. Láti JS1 ló ti ń gbé ipò kìíní. A kò rí i láti ìgbà tí a ti wọlé. Ìyá rẹ̀ ń yan gààrí lẹ́yìnkùlé, Ṣàkírát ń bó ẹ̀gẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kò wo ojú mi.

Ìyá rẹ̀ ní bàbá wọn ti dùbúlẹ̀ àìsàn láti ìgbà àwẹ̀, kò sí ọwọ́ mìíràn ju ti ọmọ yìí lọ. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ ti ìdánwò ọdún tó ń bọ̀. Ó gbọ́ ọ tán pátá. Ó wá bi mí pẹ̀lẹ́, igbá tó fi ń ro gààrí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀:

"Tíṣà, ọmọ tiyín ńkọ́? Ṣé ilé ìwé wa yìí náà ló ń lọ?"

Mo ní rárá. Mo ní Igbó-Ọrà ni, èyí tí wọ́n ń san owó sí. Ó ní ó dáa. Kò sọ ọ́ bí ẹni ń bú èèyàn. Ó bu gààrí sínú ọ̀rá fún mi, n kò lè kọ̀ ọ́. Ó gbóná lórí itan mi lórí ọ̀kadà títí mo fi délé.

Àìkú, 13
N kò rántí nǹkan kan nínú ìwàásù. Lẹ́yìn oúnjẹ, mo sọ fún Bámiṣẹ́ ọkọ mi pé bí Ẹniọlá bá wá sí ilé ìwé wa ńkọ́, ṣebí JS1 náà ló wà. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ọmọ wa lo fẹ́ fi dí àlàfo?"

Ẹniọlá ń fọ abọ́. Ó dáwọ́ dúró díẹ̀, ó sì ń fọ̀ ọ́ lọ. Mo ní ọ̀rọ̀ lásán ni. Ọ̀rọ̀ lásán náà ni — méjìlélógójì kì í ṣe ọgọ́ta.

Ajé, 14
Mo fi bírò kọ fọ́ọ̀mù náà. Ọkùnrin 22, obìnrin 19. Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́yìn mi. Ó ní bí mo bá kọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ta ló máa wá kà wọ́n.

Mo ní, "Bí a bá kọ pé wọ́n wà, sà, ta ló máa wá wọn lọ?"

Ó fọwọ́ sí i. Kò kí mi kó tó lọ sílé.

Ẹtì, 18
Jẹ́jẹ́ kò tíì bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́rú, 20 Oṣù Kọkànlá
Lẹ́tà dé. Láti oṣù Kìíní, ọmọ, tíṣà, àga, gbogbo rẹ̀ di Ìdèrè. Wọ́n máa gbé Jẹ́jẹ́ lọ síbòmíràn. Ohùn kan náà ló fi kà á ní àsẹ́ńbílì. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ọlidé ni.

Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ibi tí wọ́n ti mẹ́nu ba àwọn mẹ́tàlélógún.

Ajé, 6 Oṣù Kìíní 2025
Ìdèrè. Wọ́n fún wa ní kíláàsì kan níkangun. Mo pe orúkọ mọ́kànlélógójì. Mẹ́tàdínlógún dáhùn. Obìnrin márùn-ún péré. Mo pa rẹ́jísítà dé, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìṣirò.

Ó tó aago mẹ́wàá ààbọ̀ kí Adéwùmí tó yọ lẹ́nu ọ̀nà. JS1, òun ló kéré jù. Ẹsẹ̀ ló fi rìn ín. Eruku dé orúnkún rẹ̀, bàtà wà lọ́wọ́. Ó dúró níta, kò wọlé.

"Màá, ṣé ẹ ti pe orúkọ?"

Mo ní rárá. Mo ní kó wá jókòó. Mo ṣí rẹ́jísítà, mo tún bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni àkọ́kọ́. Àwọn mẹ́tàdínlógún tún dáhùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tó tú mi fó. Nígbà tó kan Adéwùmí, ó dìde dúró kó tó jẹ́ orúkọ rẹ̀.