Ta Ni Yóò Fọwọ́ Sí Ìlà Òkè?

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Ìfẹ́lódùn,
Àgbówó, Ìbàdàn.
Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Alága Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́,
Ilé-Ẹ̀kọ́ Àpapọ̀ Ìmọ̀ fún Ìdàgbàsókè Tó Ń Tọ́jọ́,
Bódìjà, Ìbàdàn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌFẸ̀HÓNÚHÀN LÓRÍ FỌ́Ọ̀MÙ TÓ DÁ Ẹ̀KỌ́ MI DÚRÓ

1. Lọ́jọ́ tí mo wọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ yín, ẹ ní onímọ̀ ẹja àti onímọ̀ ọrọ̀-ajé gbọ́dọ̀ jókòó pọ̀ kí ayé tó lè tọ́jọ́. Mo gbà yín gbọ́. Ọdún márùn-ún ni mo fi ṣèwádìí bí àwọn apẹja àti àwọn ìyá tó ń yan ẹja ní Ẹlẹ́yẹlé ṣe ń jọ lo omi kan náà láìjà.

2. Iṣẹ́ náà parí ní oṣù Kẹta ọdún tó kọjá. Àwọn alábòójútó mi, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégbìtẹ́ ti ọrọ̀-ajé àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínbíyì ti ìmọ̀ ẹja, kà á, wọ́n ní ó dára. Ó ku kí wọ́n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ìlà méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀.

3. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégbìtẹ́ ní àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ gbà síṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínbíyì ní àwọn ni àgbà lọ́jọ́ orí. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n di ọ̀jọ̀gbọ́n, kò sì sí ẹni tí yóò gba ìlà ìsàlẹ̀. Oṣù méjìdínlógún ni mo ti ń rìn láàrin ọ́fíìsì méjì tó kojú síra.

4. Mo jẹ́wọ́ àṣìṣe tèmi. Mo tẹ fọ́ọ̀mù méjì, mo sì fi orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sókè lórí ọ̀kan. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn fọwọ́ sí èyí tí orúkọ wọn wà lókè. Èmi rò pé mo bọ̀wọ̀ fún àgbà ni, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kó méjèèjì wá, ọ́fíìsì yín pè é ní ẹ̀tàn, ẹ sì fún mi ní ìwé ìkìlọ̀. N kò gbọ́ pé ẹ kọ ohunkóhun sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n.

5. Bí ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí bá kọjá, ẹ ó yọ orúkọ mi pé mo pẹ́ jù. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà méjì ló wà lọ́jà tèmi. Inú ń bí mi, n kò ní purọ́ fún yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ pe àwọn méjèèjì, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo lójú yín, kí ẹ sì gba ìwé ìkìlọ̀ yín padà.

6. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Alhaja Mùsílímátù, olórí àwọn ìyá tó ń yan ẹja, bi mí ohun tó dá ìwé mi dúró. Mo ṣàlàyé. Wọ́n ní irú ìjà bẹ́ẹ̀ kì í pé wákàtí kan lọ́wọ́ àwọn, pé ṣé kí àwọn wá bá wa parí rẹ̀. Mo ní ẹ̀yin Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ kò ní gbà kí wọ́n jókòó, nítorí wọn kò kàwé.

Mo dúpẹ́, bí ẹ bá kà á dé ìparí.

Èmi ni tiyín, títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí,

Ọmọ́fẹ́ Ikúbọlájẹ́,
Akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé, ọdún keje.