Mo Ti Lọ́kọ, Má Ta Gìtá Rẹ

Abúlé Lipovo,
lẹ́yìn ìkórè èso plọ́ọ̀mù

Nevena ọmọ mi àtàtà,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n sọ ọ́ kó má baà pa mí: mo ti lọ́kọ. Ìyá rẹ ti lọ́kọ! Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá ni a ti fọwọ́ sí i ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, láàárọ̀ kùtù, nígbà tí Ginka aládùúgbò wa ń fún wàrà ewúrẹ́ rẹ̀ tí kò lè ráyè yọjú lójú fèrèsé. Mo sì ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri bí ẹni tó fi omi gbígbóná sẹ́nu, n kò lè gbé e mì, n kò sì lè tu ú. Lónìí mo tu ú. Háà, ara tù mí.

Ó yá, mo kí ọ wàyí. O kú iṣẹ́ o, o kú ìdúró orí ìtàgé, o kú ìfaradà ariwo ìlú Plovdiv. Ṣé ọwọ́ tó ń dùn ọ́ ti rọlẹ̀? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìka rẹ gan, okùn gìtá rẹ kò ní já láàárín orin, iná ìjọba kò ní lọ nígbà tí o bá fẹ́ dáhùn ìpè àwọn àlejò. Àmín. Àwa náà wà dáadáa, àwa méjì. Wo bí ó ṣe dára tó lórí ìwé: àwa méjì! A ti yan tàtàṣé sínú ìgò, òrùlé kò jò mọ́, ajá náà sì ti gbà pé ọkùnrin wà nílé, kì í gbó o mọ́ àfi tó bá dé fìlà tuntun.

Ọkọ mi ni Pencho, ẹni tó ń ta gìtá béèsì nínú ẹgbẹ́ olórin ìgbéyàwó ti ìsàlẹ̀ odò, onírunmú yẹn tó ṣeré níbi ìsàmì tìrẹ gan-an. Òun náà ni. Má tíì bínú, kọ́kọ́ gbọ́ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ ọdún Èlíjà Mímọ́, a to ìtàgé síwájú ṣọ́ọ̀ṣì bí a ti ń ṣe. O rántí Lorenz, ará Austria tó ra ilé àtijọ́ tó wà lẹ́bàá ọlọ. Òun ló yá wa ní sípíkà, òun náà ló jókòó sídìí tábìlì bọ́tìnnì tó fi ń bu ohùn fún olórin kọ̀ọ̀kan. Ó gbé sípíkà kékeré kan kalẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ Pencho, ó kọ ojú rẹ̀ sí Pencho, ó kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí gbogbo àwa àlejò. Mo ní irú ìwàkiwà wo nìyí, ta ló ń kẹ̀yìn sí àlejò? Mo ti fẹ́ lọ yí i padà kí Ginka tó fà mí láṣọ, ó ní kí n fi í sílẹ̀, ó ní mónítọ̀ ni wọ́n ń pè é, ohùn olórin fúnra rẹ̀ ló ń gbé padà fún un, torí pé ẹni tó wà lórí ìtàgé kì í gbọ́ ohun tó ń ta. Mo ní bí alásè tí kì í rí ọbẹ̀ ara rẹ̀ tọ́ wò.

Orin bẹ̀rẹ̀. Lorenz na àtàǹpàkò láti òkèèrè, ó ń bi Pencho bóyá ó gbọ́ ara rẹ̀ dáadáa. Pencho mi orí sọ́tùn-ún sósì bí ọmọlúàbí, pé bẹ́ẹ̀ ni, ó dára. Lorenz bá fi kún un. Pencho tún mi orí, ó sì rẹ́rìn-ín, pé ó ti tó. Lorenz tún fi kún un. Sípíkà bẹ̀rẹ̀ sí hu bí ìkookò. Lorenz wá nawọ́ sókè, ó ń béèrè bóyá kóun tún fi sí i. Pencho gbé orí sókè sódò, sókè sódò, ó fi gbogbo ọrùn sọ pé rárá o, rárá o, rárá! Lorenz bá tún fi sí i! Ajá wa sá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ife ọtí ń jó kiri lórí tábìlì láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, àlùfáà fi irùngbọ̀n di etí.

Ní Austria, ọmọ mi, ǹjẹ́ o ti gbọ́ irú rẹ̀ rí? Ẹni tó bá gbà ló ń gbé orí sókè sódò, ẹni tí kò gbà ló ń mi í sọ́tùn-ún sósì! Odindi orílẹ̀-èdè! N kò mọ ẹni tó kọ́ wọn. Bí wọ́n ṣe ń rí ara wọn fẹ́ níbẹ̀ kò yé mi. Èmi nìkan ni mo rántí, torí èmi ni mò ń ta wàrà fún Lorenz. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bí mo bá bi í bóyá ó fẹ́ wàrà, á gbé orí sókè sódò, èmi náà á sì gbé wàrà mi padà sílé. Ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọkùnrin náà. Mo bá ju àwo banitsa, àkàrà wàràkàṣì wa, sí Ginka lọ́wọ́, mo sáré, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì tẹ ọwọ́ Lorenz mọ́lẹ̀ lórí bọ́tìnnì, mo ní Lorenz, ọkùnrin yẹn ti gbà tipẹ́, dín in kù! Ó dín in kù. Gbogbo abúlé mí kanlẹ̀.

Nígbà tí Pencho sọ̀kalẹ̀, irunmú rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n. Ó ní Dobrina, etí mi ìbá ti lọ, èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, tìrẹ ni. Mo ní kí ni n ó fi etí ọkùnrin ṣe? Ó ní kí n máa sọ̀rọ̀ sí i. Nevena, láti ìgbà tí Asen bàbá rẹ ti sùn, ta ló ti sọ pé òun fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu mi?

Ìgbà tó wá bi mí lábẹ́ igi líńdẹ̀n bóyá n ó fẹ́ òun, mo kàn ń mi orí sọ́tùn-ún sósì ni, mo sì ń sunkún ayọ̀. Lorenz jókòó lódìkejì ọ̀nà. Ó dìde kíá, ó bu ọtí fún Pencho, ó gbá a léjìká, ó ní kó mọ́kàn le, obìnrin pọ̀ láyé. Ní ọ́fíìsì ìjọba ńkọ́? O mọ̀ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ ẹnì kejì lẹ́sẹ̀ ni yóò máa pàṣẹ nínú ilé. Ayọ̀ kó sí mi lẹ́sẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, ó sì wá jẹ́ ẹsẹ̀ tó fi ń ka ìlù. Ó ṣì ń tiro díẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ náà ni orin òun ti ń falẹ̀.

Inú ayọ̀ yìí ni lẹ́tà rẹ bá mi, pé o fẹ́ gbé gìtá béèsì rẹ tà, kí o lọ máa ta ike fóònù ní ṣọ́ọ̀bù. O ní ọwọ́ ń dùn ọ́, o ní o kì í gbọ́ ara rẹ lórí ìtàgé, o ní olórí ẹgbẹ́ rẹ sọ pé ẹrẹ̀ ni ohùn rẹ. Mo ka ìwé náà sókè fún Pencho. Ó ṣí etí tó kù. Ó ní ọmọ yìí kò ní àìsàn kankan, gìtá rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Nítorí náà, gbọ́, mò ń kọ ọ́ bí ó ti ń sọ ọ́, òun ló ń bó àlùbọ́sà níhìn-ín.

Ó ní kí o gbé gìtá náà sójú bí ẹni gbé ìbọn, kí o fi ojú kan wo ọrùn rẹ̀ lọ dé òpin. Bí ó bá ti tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, okùn á jìnnà sí igi, ìka á sì máa ṣiṣẹ́ ẹrú. Mo ní èéṣe tí ọrùn igi yóò fi tẹ̀? Ó ní igi ń mu omi nígbà òtútù bí ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ wa tí kì í tì. Irin kan wà nínú ọrùn náà. Sípánà kékeré la fi ń yí i, díẹ̀ báyìí, bí ìdá mẹ́rin ìyípo kan, kí o wá fi í sílẹ̀ kó sùn mọ́jú, kí o tó tún wò ó. Ó ní ẹni tó bá fi agbára yí i yóò gbọ́ ìró kan tí kò ní gbàgbé láyé. Kí o sì gbé e kúrò lẹ́bàá ẹ̀rọ amúlégbóná. Okùn èjìká rẹ, kí o ra èyí tó fẹ̀, kí o má jẹ́ kí gìtá rọ̀ dé orúnkún bí báàgì ọmọ ilé-ìwé.

Ní ti pé o kì í gbọ́ ara rẹ, ó bèèrè ibi tí sípíkà rẹ ń jókòó. Mo wo fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, mo ní ilẹ̀ ni, lọ́nà igun ògiri. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní orúnkún ọmọ rẹ ló ń gbádùn orin, orúnkún ò sì létí! Gbé e lé orí àpótí bíà tàbí àga kó lè kọjú sí etí rẹ, fà á kúrò ní igun ògiri torí ibẹ̀ ni ohùn ti ń di ẹrẹ̀, kí o sì dín ohùn tó wà nísàlẹ̀ jù lọ kù díẹ̀, kí o fi kún ti àárín. Ó ní béèsì tí a ń gbọ́ yàtọ̀ sí béèsì tó ń mi ife. Ohun tó wà létí yín nínú fọ́tò kejì kó mi láyà jẹ o, mo rò pé ariwo ìlú ti dí yín létí, mo tan àbẹ́là fún gbogbo ẹgbẹ́ yín. Pencho ní mónítọ̀ inú etí ni. Ó ní bí o bá ń lò ó, fi méjèèjì síbẹ̀, má yọ ọ̀kan, torí ẹni tó bá yọ ọ̀kan á máa fi kún èkejì títí etí yóò fi kú. Mo fi àbẹ́là náà sílẹ̀ kó máa jó, kò lè pani lára.

Wáyà méjì tí mo fi ránṣẹ́ lọ́dún Àjíǹde, fi so ẹ̀wà tó ń fà mọ́ igi. Okùn mẹ́rin ni mo kà lára gìtá rẹ, ti ọmọ Ginka sì ní mẹ́fà, mo ní ìyà ń jẹ ọmọ mi. N kò mọ̀ pé mẹ́rin ló tó o. Ó tún ní bí okùn bá ti kú ohùn, tí kò sówó láti ra tuntun, kí o sè é nínú omi, kí o sì gbẹ ẹ́ dáadáa. Omi lásán o! Mo bá tirẹ̀ nínú ìkòkò lórí iná, mo rò pé ó ń dáná fún mi, inú mi dùn, mo fi iyọ̀ àti ata sí i. Okùn náà dípẹtà. Ó ní òun kò tíì ta béèsì tó dùn lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wàyí, gbọ́ ohun tí mo torí rẹ̀ jókòó. A fẹ́ ṣe àsè wa níwájú gbogbo ènìyàn. Ọkọ ìyàwó kì í ṣeré níbi ìgbéyàwó ara rẹ̀, èmi ni mo sì tẹ ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ginka ní ká pe oníbéèsì láti abúlé kejì. Pencho gbé orí sókè sódò, ó ní rárá, Nevena tàbí kí àyè náà ṣófo. Ó ti ń kan àpótí igi kan tí sípíkà rẹ yóò jókòó lé. Ó fẹ́ kó ga dé etí rẹ gẹ́lẹ́, kò sì mọ gíga rẹ. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀, ó ń fi okùn wọn ìlà gíga rẹ tí bàbá rẹ fà sára férémù ilẹ̀kùn lọ́jọ́ ìbí rẹ tó gbẹ̀yìn nílé yìí. Ó fẹ́ kun férémù náà lọ́dà, ó kùn ún tán, ó yí ìlà náà ká láìfọwọ́ kàn án. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo lè kọ ìwé yìí sí ọ.

Tó o bá rí owó díẹ̀ fi ránṣẹ́, àgùntàn àsè wọ́n lọ́dún yìí. Èyí tí àwọn àlejò bá lẹ̀ mọ́ ọ níwájú orí, tìrẹ nìyẹn, n kò ní bèèrè. Má ta gìtá náà. Kí Ọlọ́run mú ọwọ́ rẹ rọ̀, kí ó mú ohùn rẹ mọ́, kí o gbọ́ ara rẹ níbikíbi tí o bá dúró, kí ẹni tí yóò gbọ́ ọ náà má ṣe jìnnà sí ọ.

Pencho yóò dúró ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Kò ní bi ọ́ ní nǹkan kan, ẹ̀rù ń bà á ju ìgbà tó bi èmi lọ. Bí o bá ti sọ̀kalẹ̀, tí ọkàn rẹ bá gbà á, wò ó lójú, kí o mi orí sọ́tùn-ún sósì bí ọmọ Lipovo. Ṣùgbọ́n rí i pé Lorenz kò rí ọ, kó má baà tún lọ bu ọtí ìtùnú.

Ìyá rẹ, ìyàwó tuntun,
Dobrina

Ìwọ, gìtá rẹ, àti gbogbo ẹbí tó wà ní Plovdiv, ẹ wá síbi àsè wa: Sátidé, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹsán-án, kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó lu ti ọ̀sán.