Kókó Tó Wà Lẹ́yìn Ọpọlọ Ọkọ Mi

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́.

Kókó ló hù sẹ́yìn ọpọlọ ọkọ mi. Dókítà ní iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ta kókó, kì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ ó ń tẹ ibi tó ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Abájọ tí ọkọ̀ òfì, igi tó ń gbé òwú kọjá, fi ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá ń hun aṣọ.

Dókítà ní irú kókó yìí lè tẹ̀lé ìdílé, láti ọ̀dọ̀ bàbá sí ọmọ. Ni ìyá ọkọ mi bá fọwọ́ bo ẹnu.

Bàbá ọkọ mi náà ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n títí wọ́n fi kú. Gbogbo àdúgbò ní ọtí ni. Ní mọ́ṣáláṣí, kò sẹ́ni tó fẹ́ kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ọtí! Ẹni tí ò fẹnu kàn án rí!

"Wọ́n fi Àlùkùránì búra fún mi pé àwọn ò mutí," ni Ìyá ń tún sọ nínú ọkọ̀ nígbà tá à ń bọ̀. "Mi ò gbà wọ́n gbọ́."

Dókítà ní ká kó àwọn ọmọ wá fún àyẹ̀wò.

Nígbà tá a délé, Ráṣídì, àkọ́bí wa, wà nídìí òfì bàbá rẹ̀. Ọkọ̀ òfì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó he é. "Ìyá mi, ẹ káàbọ̀."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.